Yétúndé, Má Gbé Jíìpù Rẹ Ga Ju Okùn Yìí Lọ

Ilé wa,
Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Yétúndé ọmọ mi, ìyá mi àtàtà,

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà yìí nípọn tó báyìí. Ní gbogbo ọdún tí o fi wà ní yunifásítì, ojú ìwé kan péré ni mo máa ń kọ sí ọ, ìkíni ló sì ń gba ìdajì rẹ̀. Èmi kan náà ni mo lọ ra ìwé ọmọ iléèwé lánàá, tí mo jókòó tì í bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò. Okùn kan wà nínú àpòòwé náà. Má tú kókó tí mo so sí i. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí o wá kí wa, o jẹun tán, o mú ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ tí wọ́n ya oríṣiríṣi sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ sí. O ní o fẹ́ gbé jíìpù rẹ sókè, pé Sẹ́gun mẹkáníìkì yín ní Ìdó ní kí o yan èyí tó bá wù ọ́, ínṣì méjì, mẹ́rin, tàbí mẹ́fà. O ní ti mẹ́fà ló wù ọ́, nítorí pé irú rẹ̀ ni ọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń gùn, kò sì sí ibi tí kì í wọ̀. O wá bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo wo ìwé náà, mo dá a padà fún ọ, mo ní a ó máa wò ó, mo sì dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ yẹ ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wò. Màmá rẹ ní ojú rẹ rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí o ń lọ.

O rò pé inú ń bí mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ àgíríìkì tí o rí yìí. Bí mo bá ń gbọ́ pé ọmọ mi ló ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ Ààyè lóko lójoojúmọ́, tó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe gbin iṣu kí ó má baà jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́, orí mi a wú. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun. Ó ti há síbẹ̀ kí a tó bí ọ. Fóònù tí o rà fún mi, orí àpáta ẹ̀yìn iléèwé nìkan ló ti ń gbọ́ran, irú ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣe é pariwo lórí àpáta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn bí awakọ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn náà, n ó dá ọ lóhùn bí baba rẹ.

Èkíní. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Kí o tó ra ohunkóhun, gé ọ̀pá kan, kí o sì gbé e sínú ọkọ̀ rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Gbogbo ibi tí o bá ti gbọ́ tí abẹ́ ọkọ̀ rẹ ha ilẹ̀, bọ́ sílẹ̀, fi ọ̀pá náà wọn kùkùté tàbí òkúta tó hà á, kí o sàmì sí ọ̀pá náà. Ní òpin ọ̀sẹ̀, wò ó bí àmì náà ti ga tó. Ìwọ fúnra rẹ ni o sọ fún mi pé láti Ìdó títí dé ibi tí ẹ ti ń yà kúrò lójú títì, ọ̀dà ni. Ọ̀nà oko kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìrìn rẹ lọ. Abúlé Àsin tí ọ̀nà rẹ̀ burú jù, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni o ń lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí ènìyàn ń gùn lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ wọ bàtà ọjọ́ kan ṣoṣo.

Èmi kò wọn nǹkan kan nígbà tèmi. Mo jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Ọya dé níbi tí mo ti ń wa ọkọ̀ fún àwọn tó ń la ọ̀nà, mo sì fi owó tí mo kó bọ̀ ra jíìpù àlòkù kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọ̀nà oko wa kò burú ju ibì kan ṣoṣo lọ, ihò kan létí odò. Bí mo bá mú ṣọ́bìrì tí mo sì kó òkúta sí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kí ènìyàn nítorí pé ó di ihò? Mo wa ọkọ̀ lọ bá ajórin kan tó ń jó irin mọ́ irin ní Ìkọ̀lé, mo ní kí ó bá mi gbé e sókè. Ínṣì mẹ́fà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, Yétúndé. Àkísà mi ni mo ń tú sílẹ̀ fún ọ yìí.

Èkejì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki irin lásán bọ abẹ́ sípíríǹgì rẹ kí ó sọ pé òun ti gbé ọkọ̀ sókè. Irin ni ajórin mi kì bọ̀ ọ́, ó sì fi sípíríǹgì lọ́rì kún un. Bí o bá máa gbé e, ra odindi rẹ̀, sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì tó gùn bá a mu, àti àwọn bóòtù tirẹ̀ tí wọ́n fi ń dè é. Kí Sẹ́gun wo rọ́bà bíréèkì kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ọkọ̀ bá ga tí rọ́bà náà kò sì gùn sí i, yóò máa nà títí yóò fi já. Tèmi já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò yẹn gan-an. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi bá ilẹ̀, jíìpù sì gba inú oko ẹ̀gẹ́ àgbà ìjọ wa kan kọjá bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbùjá. Ọlọ́run ló yọ mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì ni mo fi bá bàbá náà kọ ebè tuntun, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló sì ń kí mi kú iṣẹ́ oko tí n kò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ẹrù tí o ń gbé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kí o fi ra sípíríǹgì, má fi ẹrù ọjọ́ Kérésì rà á. Sípíríǹgì tó le dára bí iṣu bá kún inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ̀yìn ìwọ tí o ń wà á ni yóò gba gbogbo rẹ̀. O ní àpò àjílẹ̀ méjì mẹ́ta àti ara rẹ lo ń gbé lójoojúmọ́. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ ni kí o béèrè. Mo ń rìn bí ẹni tó gbé odó pọ̀n fún ọdún kan gbáko nítorí sípíríǹgì lọ́rì yẹn, mo sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òjò ló pa mí.

Ẹ̀kẹrin. Ọkọ̀ tó ga a máa tẹ̀ ní kọ́nà. Má di ẹrù sórí rẹ̀. Má sáré. N kò ní àlàyé ṣe lórí ìyẹn, baba rẹ ló ní kí o má sáré.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ parí sí. Lánàá, nígbà tí mo dé ibí yìí, mo gbé bírò sílẹ̀, mo jáde lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Nítorí èyí tó kù ni mo ṣe ń yẹ ewúrẹ́ wò lójú rẹ.

Ẹ̀karùn-ún. Kí o tó gbé ọkọ̀ rẹ sókè, mọ ẹni tí yóò máa gùn ún.

O kò mọ ìyá mi. Orúkọ wọn ni o ń jẹ́, o sì ti gbọ́ láti kékeré pé ìwọ ni wọ́n, pé wọ́n lọ, wọ́n sì padà wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí o kò gbọ́ rí ni bí wọ́n ṣe lọ.

Àwa méjì péré ni a kù nínú ilé náà nígbà tí mo dé láti Òkè Ọya. Wọ́n kúrú, bíi tìrẹ. Ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ti fi orúnkún wọn ṣòfò, tí wọ́n fi ń ru iṣu tí wọ́n fi rán mi ní iléèwé. Ìjókòó iwájú nínú jíìpù ni mo fún wọn, a sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà sókè tán, wọn kò lè gùn ún mọ́. Wọn kò bá mi jà. Ní ọjọ́ ìsinmi kejì, wọ́n gbé àpótí tí wọ́n fi ń jókòó dáná jáde, wọ́n fi sí ẹnu ilẹ̀kùn jíìpù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n sì na ọwọ́ kí n gbé àpótí náà fún wọn. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a tún sọ ọ́ sílẹ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a sì tún aṣọ wọn ṣe bí ìyá ìjọ.

Àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní jíìpù mi wọ ibi gbogbo, ilé ìdáná ni kò tíì lè kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń béèrè bóyá mo ti gbé ìkòkò náà dání. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Mo fẹ́ kí ayé rí bí jíìpù mi ti ga tó, àpótí ìdáná kan sì wà níbẹ̀ lójú gbogbo ayé tó ń sọ pé ó ga ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí ìkórè ọdún náà ku ọ̀la, màmá rẹ dé láti Ọ̀yẹ́. A kò tíì ṣe ìgbéyàwó nígbà náà, àfẹ́sọ́nà mi ni. Òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ méjì ni wọ́n wá bá wa ṣe ìkórè. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn àna mi yóò wọ ọkọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú àpótí yẹn kúrò ní ilé ìdáná, mo gbé e lọ sínú àká, mo sì kó ewé bò ó.

Yétúndé, ohun tí mo ṣe nìyẹn. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí títí di àná.

Ní òwúrọ̀ ìkórè, mo ti di iṣu sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn àna ti wọlé, àfẹ́sọ́nà mi sì wà níwájú. Ìyá mi jáde pẹ̀lú aṣọ funfun wọn àti ìwé orin lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣa gbogbo iṣu tó wà nínú ọkọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run. Wọ́n wo ilẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Àpótí mi dà?"

Mo ní n kò mọ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé wọn. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo inú ọkọ̀ níbi tí àwọn àna wọn jókòó sí, tí gbogbo wọn ń wò wọ́n. Àbí ìwọ rò pé ìyá ọkọ yóò jẹ́ kí a gbé òun bí ọmọ ọwọ́ lójú ìyá ìyàwó, ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé? Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kan ara ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń kí i, wọ́n ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Ulẹ̀ ni mo bá láyé, ulẹ̀ ni mo a rìn."

Mo sì lọ. Ìyẹn ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Ǹ bá ti pa iná ọkọ̀. Ǹ bá ti lọ wú àpótí náà jáde. Ìṣísẹ̀ mélòó ni àká sí ibi tí mo dúró sí? Mo fi ọkọ̀ sí jíà, mo sì lọ. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, a ti kó iṣu wọn síwájú pẹpẹ, a ti gbàdúrà sí i tán. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n rí àyè jókòó sí.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò béèrè àpótí mọ́, wọn kò sì béèrè ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ẹ̀rí ọkàn mú mi, ṣùgbọ́n mo tún rò pé ó ti sú wọn ni, pé àwọn àgbà fẹ́ràn ìrìn. Ènìyàn a máa purọ́ fún ara rẹ̀ títí yóò fi gbà á gbọ́. Aládùúgbò wa kan ló wá pè mí sẹ́yìn pé ṣé mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyá mi ń dúró mí kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀ wọ́n kí n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ti ń ró ìró wọn sísàlẹ̀ gan-an láti bí oṣù méjì kí n má baà rí i. Ó ti wú dé orúnkún.

Mo ní kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, wọ́n ní ó di ọ̀tunla. Mo bínú. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí rọ̀ díẹ̀, kí n lè gùn ún fúnra mi."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo sáré lọ sínú àká lọ wá àpótí, mo gbé e wá fún wọn, mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọn kò bi mí ibi tí mo ti rí i. Wọ́n kàn ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, pé ní òwúrọ̀ ọ̀la a ó lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò mọ́ bá wọn.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọn sínú jíìpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsìnkú. Wọn kò béèrè àpótí.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo wa ọkọ̀ lọ bá ajórin yẹn ní Ìkọ̀lé, mo ní kí ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi tú u. N kò lè gbàgbé ìyẹn, pé ohun tó gba ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo jẹ́ kí ìyá mi máa dúró dè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo ta jíìpù náà kí ọdún tó parí, n kò sì ra ọkọ̀ mìíràn títí tí ìwọ fi wọ iléèwé.

Ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìkórè lọ́dọọdún, tí màmá yín yóò kó yín sínú ọkọ̀ lọ. Mo máa ń sọ pé kí oúnjẹ lè dà ni. O ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

A bí ọ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí o ń kọ́ ìrìn, o rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́ta, o ṣubú, o yí ojú sí mi, o sì na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí n gbé ọ. Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Ẹni tí kò gbà kí n gbé òun ló padà wá na ọwọ́ sí mi. Mo gbé ọ. Mo gbé ọ títí o fi dàgbà jù, màmá rẹ a sì máa bínú pé mo ń bà ọ́ jẹ́.

Má sọ fún mi pé o lè jó ẹsẹ̀ ìtẹ̀gùn mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ, nítorí o gbọ́n jù mí lọ. Bí ìtẹ̀gùn bá wá sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó yóò fi lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ti fi ínṣì mẹ́fà ga sí i, òun náà ni yóò máa ha kùkùté, a jẹ́ pé o kò gbé nǹkan kan sókè. Ínṣì méjì ni mo fi ọwọ́ sí, pẹ̀lú ìtẹ̀gùn tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ dáadáa, kí o má sì fi táyà tó tóbi ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ kún un. Bí ọ̀nà Àsin bá kọ̀ fún ọ ní ìgbà òjò, sọ̀ kalẹ̀, wọ bàtà òjò. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn ẹni tó bá rìn wá bá wọn.

Ronú sí i. Ìwọ nìkan kọ́ ni yóò máa gun ọkọ̀ náà. O sọ fún wa pé àwọn ìyá àgbà Ààyè máa ń bẹ̀ ọ́ kí o gbé wọn dé ojú títì bí oko bá ti rẹ̀ wọ́n. Wọn kò ní sọ fún ọ pé ó ga jù. Ẹ̀yà tiwa kì í sọ ọ́. Wọn a kàn rẹ́rìn-ín, wọn a ní kí o máa lọ, pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá ti gbọ́ "máa lọ" lẹ́nu àgbà, pa iná ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ okùn ló kù. Lánàá, lẹ́yìn tí mo ti jókòó lábẹ́ igi ọsàn títí, mo pe màmá rẹ. Mo ní kí ó bá mi gbé àpótí yẹn wá. Òun náà ni, Yétúndé, èyí tí ìwọ gan-an fi ń jókòó bó ẹ̀gẹ́ láti kékeré. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́, ó di èjìká mi mú, ó gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé pátákó kan lé e. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò débẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé màmá rẹ ti darúgbó. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Tèmi náà kò débẹ̀. Mo yọ pátákó náà kúrò, mo na okùn láti ilẹ̀ dé orí àpótí, mo sì so kókó síbẹ̀.

Bí mo ṣe ń so ó, mo sọ fún un pé èmi ni mo gbé àpótí náà pa mọ́ ní ọjọ́sí. Ó ń wo okùn ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Yétúndé, mo mọ̀. Ojú fèrèsé ni mo wà, mo rí yín. Mo rò pé nítorí kí àyè lè gba àwa ni, mo sì dákẹ́. Èmi ni mo jókòó sí ipò wọn."

A jókòó síbẹ̀ di ìgbà tí òòrùn kúrò lẹ́yìnkùlé. Gbogbo ọdún tí a ti ń sùn, tí a ń jí, ẹrù kan náà ni àwa méjèèjì gbé, tí ẹnìkan kò sì sọ ọ́ fún ẹnìkejì. Má jẹ́ kí irú rẹ̀ bá ọ. Bí o bá ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí Sẹ́gun bá ṣe é tán, wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì padà lọ bá a kí ó tún gbogbo bóòtù rẹ̀ fún. Sípíríǹgì tuntun a máa jókòó, bóòtù a sì dẹ̀. Bí ó bá ní kò pọn dandan, wá mẹkáníìkì mìíràn.

N kò kọ èyí láti dẹ́rù bà ọ́, n kò sì fi orúkọ tí o ń jẹ́ dè ọ́. Ọkọ̀ rẹ ni, owó rẹ ni, iṣẹ́ rẹ ni. Màmá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé láti máa jẹun kí o tó jáde.

Ìkórè ti súnmọ́lé. Orúnkún mi kò gbà mọ́, mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdajì ọ̀nà ni mo dé tí mo padà. Mú okùn yìí dání lọ bá Sẹ́gun. Fi orí rẹ̀ tí kò ní kókó kan ibi tí ènìyàn yóò tẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí o jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀. Bí kókó náà bá kan ilẹ̀, wá gbé mi ní òwúrọ̀ ìkórè, èmi yóò gun ọkọ̀ rẹ fúnra mi. Ṣùgbọ́n bí kókó bá rọ̀ lókè tí kò kan ilẹ̀, máa lọ, ọmọ mi. N ó máa rìn bọ̀ lẹ́yìn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.